Ẹfun Abẹ́ Òkúta

Ní ìlà oòrùn ìlú Las Cruces, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, òkè kan wà tí àwọn ṣóńṣó orí rẹ̀ tò sókè bí fèrè dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìrísí yìí ni wọ́n fi ń pè é ní Organ Mountains. Láti ẹsẹ̀ òkè náà wá sí etí odò Rio Grande, ilẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, òkúta wẹ́wẹ́ àti igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ kò ju èékánná lọ ló sì bo orí rẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò kan níbẹ̀ tó jìn dé orúnkún, kí ẹ fa òkúta kan yọ lára ògiri ihò náà, kí ẹ sì yí i padà. Ẹ̀yìn òkúta náà ní àwọ̀ ara rẹ̀, yálà ó pọ́n tàbí ó rí bí eérú. Ikùn rẹ̀ funfun báláú, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹfun kùn ún. Ẹ fa òmíràn yọ, bákan náà ni. Ẹ fa ìkẹta. Ikùn ni gbogbo wọn ti funfun, kò sí èyí tó funfun lẹ́yìn.

Àlàyé ẹfun yẹn ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gbà dé ikùn òkúta ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ aṣálẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́: ìdí tó fi ń le, ìdí tí ewé ohun ọ̀gbìn fi ń pọ́n lórí rẹ̀, àti ìdí tí alágbára ọkùnrin fi lè di dígà mú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má lè kọjá ibì kan.

Kálísíọ̀mù kábónéètì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni ìkarahun ìgbín. Òun ni èèpo ẹyin. Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni nǹkan funfun tó máa ń dì mọ́ inú kẹ́tùlù wọn, tí wọ́n ń fi fínígà bó. Ẹfun ni èmi yóò máa pè é nínú àlàyé yìí nítorí àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi í pe ẹfun ọjà ilé wa. Amọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú ìyẹn, bí ẹ bá sì da fínígà sí amọ̀, kò ní ṣe nǹkan kan. Àwọn Lùkùmí ilẹ̀ Kúbà ló sún mọ́ ohun tí mò ń sọ jù lọ: èèpo ẹyin ni wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe ẹfun tiwọn, tí wọ́n tún ń pè ní cascarilla. Ẹ da fínígà sí ti Kúbà, yóò hó. Ẹ da á sí ikùn òkúta Las Cruces, òun náà yóò hó.

Ìhó yìí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ fún àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà. Ìgò ásíìdì kékeré kan kì í kúrò lápò wọn. Wọ́n á kán an sí iyẹ̀pẹ̀ ní ẹ̀kán kan, wọ́n á wo bó ṣe hó tó, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó ga jù lọ nínú òṣùwọ̀n wọn ni wọ́n fún ní orúkọ tó túmọ̀ sí ìhó oníjàgídíjàgan. Inú mi máa ń dùn pé àwọn onímọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn gbẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò lè fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba.

Kí ẹfun tó dé, òkúta ti dé. Àgbàrá ló gbé e wá. Òjò aṣálẹ̀ kì í rọ̀ lemọ́lemọ́, ọjọ́ tó bá sì rọ̀, bí ìjà ló ṣe ń dé. Láàárín wákàtí kan, omi á ti kún àfonífojì tóóró tó wà láàárín òkè, á máa yí òkúta tó tó orí ènìyàn. Ìgbà tó bá jáde lẹ́nu àfonífojì, tí ilẹ̀ sì là sílẹ̀ gbalasa níwájú rẹ̀, omi náà á tàn ká, agbára rẹ̀ á sì tán. Ẹrù tó wúwo jù ló kọ́kọ́ ń sọ kalẹ̀. Òkúta ńlá á kù sí ẹnu àfonífojì, òkúta wẹ́wẹ́ á lọ síwájú díẹ̀, yanrìn á tún lọ jù bẹ́ẹ̀, amọ̀ kíkúnná á sì bá omi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Lọ́dún kan ó yà sọ́tùn-ún, lọ́dún mìíràn ó yà sósì. Bí ẹgbẹ̀rún ọdún ti ń gorí ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹrù tó kó jọ á rí bí abẹ̀bẹ̀ tí a tẹ́ sílẹ̀, tí èèkù rẹ̀ wà lẹ́nu àfonífojì, tí etí rẹ̀ sì fẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó náà, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Níbi tí àfonífojì bá pọ̀ lára òkè kan, abẹ̀bẹ̀ á wọnú abẹ̀bẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ òkè á wá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí àwọn elédè Sípéènì ń pè ní bajada.

Bí òkúta bá gba ìdá 35 nínú 100 àyè inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìyẹlẹ̀wò Amẹ́ríkà á kà á sí ilẹ̀ eléegun, bí ẹni pé òkúta ni eegun, tí iyẹ̀pẹ̀ jẹ́ ẹran ara. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Eegun yìí yóò ṣe iṣẹ́ ńlá láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé ná. Ní Ìbàdàn, omi òjò tó ń rọ̀ lọ́dún lé ní 1,200 mílímítà. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú ilẹ̀. Ó ń wọlẹ̀, ó ń fọ ilẹ̀ bí ìgbà tí a ń fọ aṣọ, ó sì ń bá odò lọ sí òkun pẹ̀lú ohun gbogbo tó bá lè yọ́. Kálísíọ̀mù wà lára ohun tó tètè ń yọ́, nítorí náà ó ti bá omi lọ tipẹ́. Irin kì í yọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kù sílẹ̀. Òun ló sọ ilẹ̀ wa di pupa, ibi tó bá sì ti kó jọ, tó gbẹ, tó le, òun ni à ń pè ní yangí. Ní Las Cruces, nǹkan bí 240 mílímítà òjò ló ń rọ̀ lọ́dún, èyí tó ju ìlàjì rẹ̀ lọ sì ń rọ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn ń ràn janjan. Omi wọlẹ̀, ó lọ díẹ̀, ó dúró. Gbòǹgbò mu nínú rẹ̀, oòrùn fa ìyókù. Ohun tí omi náà yọ́ sínú kò rí ẹni gbé e dé odò, ibi tí omi ti gbẹ ló ń sùn. Ìbátan ni yangí àti ẹfun yìí jẹ́ ní ti pé àwọn méjèèjì ń sọ ilẹ̀ di òkúta. Òjò tó pọ̀ ló bí ọ̀kan, òjò tí kò tó ló bí èkejì.

Bí ẹfun ṣe ń wọ inú omi, tó tún ń jáde, ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Omi nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, èyí tí à ń mí síta, tí ó sì ń hó nínú mínírà, máa ń wọnú omi, á sì sọ ọ́ di ásíìdì tó rọ̀. Díẹ̀ lára rẹ̀ wà lójú sánmà. Nínú ilẹ̀ ló pọ̀ sí ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí gbòǹgbò náà ń mí, àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú iyẹ̀pẹ̀ náà sì ń mí. Omi òjò tó gba àárín wọn kọjá á gba ásíìdì, á yọ́ ẹfun tó bá pàdé, á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí gbòǹgbò bá wá ń mu omi náà, ẹfun tó wà nínú ìyókù á máa ki. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná, afẹ́fẹ́ kábọ́nì á tú jáde, ásíìdì á lọ, ẹfun kò sì ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí mọ́. Á jáde gẹ́gẹ́ bí ohun líle, á lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Ẹfun kì í ṣe bí ṣúgà tàbí iyọ̀ tí omi gbígbóná ń yọ́ dáadáa. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ láti gbé ẹfun ń dínkù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kẹ́tùlù Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn.

Ìdí tó fi jẹ́ ikùn òkúta náà ti hàn báyìí. Omi tó bá yí òkúta ká máa ń ṣàn wá sí abẹ́ rẹ̀, á rọ̀ síbẹ̀ bí ẹ̀kán omi tó rọ̀ sábẹ́ ìdérí ìkòkò. Abẹ́ yẹn ló ń gbẹ kẹ́yìn, níbi tó bá sì ti gbẹ kẹ́yìn ni ẹfun ń kù sí.

Ṣùgbọ́n níbo ni kálísíọ̀mù náà ti wá? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní inú òkúta ni, pé omi ló ń yọ́ òkúta díẹ̀díẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu níbi tí òkè bá jẹ́ òkúta ẹfun, irú èyí tó wà lára àwọn òkè San Andres tó wà ní àríwá ibẹ̀. Àpáta tí iná abẹ́ ilẹ̀ bí ló pọ̀ lára Organ Mountains, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, ikùn àwọn òkúta tó wá láti ibẹ̀ funfun. Bí a bá ní òkúta náà ló yọ́, ó yẹ kí ara rẹ̀ ti jẹ, kó ti rà. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì le kankan, wọn ò tíì jẹ níbì kankan.

Ní ọdún 1957, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ilẹ̀ ọ̀gbìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àyíká Las Cruces tí wọ́n pè ní Desert Project, wọ́n sì ń bá a lọ títí di ọdún 1972. Leland Gile ló ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí ilẹ̀ náà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ihò káàkiri, wọ́n wo ilẹ̀ tuntun, wọ́n wo ilẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì gbé àwo sórí òpó láti gba eruku tó ń bọ̀ láti ojú sánmà. Nínú eruku yẹn ni wọ́n ti bá ẹfun. Gíráàmù díẹ̀ péré ló ń balẹ̀ sórí mítà kan níbùú lóròó lọ́dọọdún, ìyẹn ìwọ̀n tí ènìyàn lè bu sí ojú èékánná. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po 100,000 ọdún kí ẹ wò ó.

Ẹni tó bá ti gbé ní Ìlọrin tàbí Ṣakí nígbà ọyẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. A máa ń nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tún funfun, eruku tó sì bò ó ti rìn láti ọ̀nà Ṣáàdì wá, láti ojú adágún omi tó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti New Mexico: ojú adágún tó gbẹ, ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbá, òkúta ẹfun tó wà ní ibòmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òjò wa ń fọ eruku ọyẹ́ lọ bó bá di oṣù kẹrin. Tiwọn ò lọ.

Ní ọdún 1999, Rosemary Capo àti Oliver Chadwick fi strontium, tó jọ kálísíọ̀mù bí ìbejì nínú ìwà, yanjú àríyànjiyàn náà ní ilẹ̀ Las Cruces kan náà. Irú strontium tó wà nínú àpáta oníná yàtọ̀ sí irú èyí tó wà nínú eruku àti òjò. Nígbà tí wọ́n wo èyí tó wà nínú ẹfun, ti ojú sánmà ló jọ. Nítorí náà, òkúta kò bí ẹfun tó wà níkùn rẹ̀. Ojú sánmà ló ti bọ̀.

Ní ọdún 1966, Gile, Fredrick Peterson àti Robert Grossman to bí ẹfun ṣe ń pọ̀ sí i sí ìpele mẹ́rin, gbogbo ayé tó ń yẹ ilẹ̀ aṣálẹ̀ wò sì ń lo ìtò wọn títí di òní. Nínú ilẹ̀ olókùúta, ìpele àkọ́kọ́ ni èyí tí a rí lẹ́ẹ̀kan: ẹfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ikùn òkúta. Ní àyíká Las Cruces, ilẹ̀ tí kò tíì ju 7,000 ọdún lọ ni ẹ ó ti bá a. Ní ìpele kejì, ẹfun ti yí òkúta ká, àwọn òkúta tó sún mọ́ra sì ti ń di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ní ìkẹta, gbogbo àlàfo ti kún, ojú ihò ti funfun láti òkè délẹ̀, òkúta á wá dà bí ẹ̀pà tó rì sínú ẹ̀kọ. Ìpele kẹrin ló wù mí jù. Nígbà tí àlàfo bá ti dí pátá, omi òjò tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Á dúró lórí ibi tó dí náà bí omi inú àwo, á gbẹ síbẹ̀, á fi awẹ́ ẹfun tínrín kan sílẹ̀. Lọ́dún mìíràn, á fi òmíràn lé e. Bí ẹ bá gé e lulẹ̀ ẹ ó rí awẹ́ lórí awẹ́, bí etí ìwé tí a pa dé. Michael Machette àti àwọn mìíràn tún fi ìpele méjì kún un lẹ́yìn náà, fún ilẹ̀ tó dàgbà débi pé òkúta ẹfun náà ti fọ́, ó ti tún ara rẹ̀ lẹ̀, ó sì ti tún fọ́.

Nígbà tí Gile fi ilẹ̀ olókùúta wé ilẹ̀ tí kò ní òkúta, tí ọjọ́ orí wọn jọ dọ́gba, ó rí i pé ti olókùúta ti jìnnà síwájú. Ìgbà kan náà ni eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bà sórí méjèèjì, ìwọ̀n eruku náà kò yàtọ̀, síbẹ̀ ọ̀kan ti dí, èkejì ṣì ń gba omi. Eegun ló fà á. Ẹ mú iyẹ̀pẹ̀ lásán tí àlàfo inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100. Bí òkúta bá wá gba ìdá 60 nínú ilẹ̀ náà, ìdá 40 péré ló kù fún iyẹ̀pẹ̀, àlàfo inú ìyẹn sì jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ti 40 náà, ìyẹn 16. Àyè tí ẹfun nílò láti kún ti já wá láti 40 sí 16. Eruku tí yóò di ilẹ̀ olókùúta pa ní 100,000 ọdún nílò 250,000 ọdún kó tó di ilẹ̀ lásán pa. Ẹni tó bá ti da gààrí sínú garawa tí òkúta ti kún tẹ́lẹ̀ mọ̀ pé kì í gba kóńgò púpọ̀.

Mo sọ pé ó ń le. Ọ̀rọ̀ àwọn elédè Sípéènì ni gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ń lò fún un: caliche, tó ti inú calx wá, orúkọ ẹfun lédè Látìn. Nínú ìwé ìjọba, ilẹ̀ tó bá ní ìpele ẹfun tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tí ẹfun inú rẹ̀ kò dín ní ìdá 15 nínú 100, tó sì fi ìdá 5 ju ti ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ti ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tó bá ti di òkúta tún ní orúkọ mìíràn, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rọrùn: wọ́n á gé e, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sọ ọ́ sínú omi. Bí ó bá rọ̀ bí gààrí, kò tíì di òkúta.

Àwọn tó ń kọ́lé ní Tucson àti Las Vegas ni kí ẹ bi nípa caliche. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ odò ìwẹ̀ sẹ́yìnkùlé lè san owó tó pọ̀ ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e, bí dígà bá kan funfun. Ẹni tó gbin igi ọsàn láì mọ̀ pé caliche wà nísàlẹ̀ ti gbin ín sínú ìkòkò tí kò ní ihò nídìí. Omi á dúró, gbòǹgbò á jẹrà, igi á sì kú sínú omi láàárín aṣálẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba àwọn ológbà ni pé kí wọ́n gbẹ́ ihò, kí wọ́n bu omi kún un, kí wọ́n wò ó bóyá yóò fà lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí kò bá lọ, kí wọ́n lu caliche náà já tàbí kí wọ́n wá ibòmíràn. Igi ilẹ̀ náà mọ ọgbọ́n tirẹ̀. Ojú ibi tí caliche bá ti sán ni gbòǹgbò mesquite máa ń gbà wọlẹ̀, wọ́n sì ti rí gbòǹgbò rẹ̀ nínú ihò ìwakùsà kan nítòsí Tucson ní ibi tó ju 50 mítà lọ sísàlẹ̀.

Níbi tí àgbàrá bá ti gé abẹ̀bẹ̀ àtijọ́ já, omi máa ń jẹ òkúta wẹ́wẹ́ tó rọ̀ nísàlẹ̀, á fi caliche sílẹ̀ lókè bí òrùlé. Ihò tó bá ṣẹ́kù lábẹ́ rẹ̀ tutù lọ́sàn-án, ìjàpá aṣálẹ̀ sì ti fi ṣe ilé. Ẹni tó mọ Alábahun nínú àlọ́ wa kò ní yà á lẹ́nu pé ilé tí òun kò kọ́ ló ń gbé. Ní Nevada, òkè pẹrẹsẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mormon Mesa. Caliche tó nípọn ló dé e lórí, ọjọ́ orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún mélòó kan, òun ni kò sì jẹ́ kí òjò jẹ òkè náà tán nígbà tí ilẹ̀ tó yí i ká ti bá omi lọ.

Ojú ilẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òkúta tó tò sórí rẹ̀ ṣù mọ́ ara bí èyí tí ọwọ́ ènìyàn tẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé afẹ́fẹ́ ló gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ tó fi òkúta sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: eruku ń bọ́ sí àárín òkúta, òjò ń gbé e wọ abẹ́ wọn, òkúta sì ń gòkè lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ká òkúta kúrò, iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tí inú rẹ̀ kún fún ihò róbótó bí inú búrẹ́dì ni ẹ ó bá. Eruku kan náà tó gbé ẹfun wá ni.

Fún àgbẹ̀, ẹfun yìí kì í ṣe ọ̀tá pátápátá, ṣùgbọ́n alágídí ni. Kálísíọ̀mù tó tó kì í ba ohun ọ̀gbìn jẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń di òṣùwọ̀n pH mú ní nǹkan bí 7.9 sí 8.4, nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ irin àti síǹkì wà ṣùgbọ́n wọn kì í yọ́, bí owó tó wà ní báńkì tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ewé tuntun á pọ́n, iṣan inú rẹ̀ nìkan á sì kù ní àwọ̀ ewéko. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí àgbẹ̀ fi owó rà náà á lọ so mọ́ kálísíọ̀mù. Àwọn tó ń gbin pecan ní àfonífojì Rio Grande, lẹ́bàá Las Cruces, ti mọ̀ pé dída síǹkì sílẹ̀ jẹ́ ìfowóṣòfò, wọ́n ń fọ́n ọn sí ewé tààrà.

Àwọn kan á ní kí a da imí-ọjọ́ sí i kí ilẹ̀ náà lè kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hẹ́kítà kan, ní sẹ̀ǹtímítà 15 sísàlẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 2,100 tọ́ọ̀nù iyẹ̀pẹ̀ bí kò bá sí òkúta nínú rẹ̀. Bí ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ bá jẹ́ ẹfun, ẹfun náà jẹ́ 315 tọ́ọ̀nù, kí imí-ọjọ́ sì tó pa á tán, ó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù. Eruku tuntun ṣì ń bọ̀ lókè. Lójú tèmi, kí ènìyàn gbin ohun tí ilẹ̀ náà fẹ́ ló sàn.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà ní oore tirẹ̀. Nítorí pé òkúta kì í mu omi, òjò kékeré tí ìbá tutù sókè nínú iyẹ̀pẹ̀ lásán máa ń jìn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì nínú ilẹ̀ tí òkúta gba ìdajì rẹ̀, oòrùn kì í sì tètè fà á padà. Igi kúkúrú eléwé kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ń pè ní creosote, fẹ́ràn irú ilẹ̀ yìí ju ilẹ̀ amọ̀ ìsàlẹ̀ lọ.

Àwọn ará Hohokam ní Arizona sọ caliche di ohun èlò ìkọ́lé. Ní nǹkan bí ọdún 1350, wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́rin kan ní ibi tí à ń pè ní Casa Grande lónìí, tòsí ìlú Coolidge. Kò sí bíríkì nínú rẹ̀. Nǹkan bí 3,000 tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ caliche ni wọ́n pò, wọ́n mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń mọ ògiri alámọ̀. Ògiri náà nípọn ju mítà kan lọ nísàlẹ̀. Ó ṣì dúró. Ọdún 1892 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dáàbò bò ó, ní 1932 wọ́n sì gbé òrùlé irin lé e lórí, nítorí òjò tó kéré tó láti fi ẹfun sílẹ̀ ṣì tó láti máa jẹ ògiri.

Ibi tí ẹfun sùn sí nínú ilẹ̀ ń sọ bí òjò ṣe ń jìn tó. Ní 1934, Hans Jenny àti C. D. Leonard tọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ibi tó gbẹ lọ sí ibi tó tutù, lójú ọ̀nà tí ooru rẹ̀ jọ dọ́gba, wọ́n sì rí i pé bí òjò ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹfun ń jìn sísàlẹ̀ sí i, títí ó fi pòórá. Àwọn tó ń wádìí ojú ọjọ́ àtijọ́ ti fi èyí ṣe iṣẹ́ ńlá. Àwọn kan tilẹ̀ ń mú ẹfun ikùn òkúta ní awẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi uranium inú rẹ̀ ka ọjọ́ orí rẹ̀.

Àwọn tó ń hú ohun àwọn ará ìgbàanì jáde, nǹkan tó rọrùn jùyẹn lọ ni wọ́n ń wò. Nígbà míì wọ́n á bá òkúta kan nínú ilẹ̀ tí ẹfun rẹ̀ kọjú sókè. Òkúta kì í dìde yí ara rẹ̀ padà, nítorí náà ohun kan ti wú u rí. Wọ́n á wá wo ikùn tuntun rẹ̀. Bí ẹfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yí i padà, ó lè jẹ́ ẹni tó gbẹ́ ààrò síbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Bí kò bá sì sí nǹkan kan níkùn rẹ̀, eku tó walẹ̀ lánàá ni, tàbí ẹ̀yin, bí ẹ kò bá dá òkúta tí ẹ fà yọ lẹ́ẹ̀kan padà bí ẹ ṣe bá a.